Iṣẹ́ Dandan Lára Ẹ́ńjìnnì Hẹlikọ́pítà Tó Balẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, Kó Tó Tún Gbéra

Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní pápákọ̀ òfurufú. Ti Ìlọrin ló sún mọ́ ọn jù. Bí hẹlikọ́pítà bá gbé àlejò wá síbi ìnáwó tàbí ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, pápá ilé ìwé tàbí pápá ìṣeré ló máa ń balẹ̀ sí. Erùpẹ̀ pupa á gba ojú ọ̀run, ọmọdé á ya bò ó, oníkálukú á yọ fóònù síta. Ẹnjiníà tó bá a wá kò gbọdọ̀ bá wọn wòran, nítorí ìgbà tí ariwo ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ la kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún: akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ẹ̀rọ ní LAUTECH, ẹni tó ń múra àtilọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ bàálù ní Zaria, àti ẹ̀yin mẹkáníìkì tí ẹ mọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ilẹ̀ bí ẹni mowó. Ẹ́ńjìnnì tí a ó máa tọ́ka sí ni Rolls-Royce 250-C20B, tó ní agbára ẹṣin 420, tó wà nínú hẹlikọ́pítà Bell 206B JetRanger. Nọ́ńbà tí a bá dá, tirẹ̀ ni. Bí ẹ bá dé ìdí ẹ́ńjìnnì mìíràn, ìwé tirẹ̀ ni kí ẹ ṣí, kó sì jẹ́ ẹ̀dà tó dé kẹ́yìn. Ẹni tí NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, fún ní láíséǹsì nìkan ló lè fọwọ́ sí i pé ẹ̀rọ ti yẹ fún òfurufú. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lè di spánà mú lábẹ́ ojú onítọ̀hún, kò lè buwọ́ lù ú.

Ohun tó ya iṣẹ́ yìí sọ́tọ̀ sí ti ọkọ̀ ilẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Mẹkáníìkì ọkọ̀ máa ń fetí sí ẹ́ńjìnnì, bí ìró rẹ̀ kò bá yí padà, á ní kí wọ́n máa lò ó lọ. Nídìí hẹlikọ́pítà, iye wákàtí tó ti fò àti iye ìgbà tí a ti tan án ló ń pàṣẹ, kì í ṣe ìró. Bí nọ́ńbà bá ti pé, a ó tú u, ìbáà máa dún bí aago.

Ohun tó jẹ́ dandan gan-an

Oríṣi mẹ́ta ni iṣẹ́ tí kò ṣeé fò.

Àkọ́kọ́ ni àṣẹ tí àjọ ìjọba máa ń gbé jáde bí wọ́n bá rí àléébù tó léwu lára ẹ̀rọ kan. Airworthiness Directive lorúkọ rẹ̀, AD la máa ń pè é. Ọmọ Amẹ́ríkà ni ẹ́ńjìnnì 250, nítorí náà FAA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, ló ń gbé AD rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n abẹ́ Kánádà ni ara hẹlikọ́pítà Bell 206 wà, ọ̀dọ̀ Transport Canada lẹ ó ti rí tirẹ̀. Ti hẹlikọ́pítà H125 àti ẹ́ńjìnnì Arriel inú rẹ̀, EASA, àjọ òfurufú Yúróòpù, ni. Ẹni tó bá ń yẹ ojúlé kan ṣoṣo wò ti fi ìyókù sílẹ̀ láìmọ̀. Lórí 250 yìí, AD wà nítorí wíílì kẹta nínú tọ́báìnì (apá ẹ́ńjìnnì tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń yí), tí abẹ rẹ̀ lè ya. Wọ́n ní kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì fi aró tó ń wọnú ojú ibi tó ya wá a. Ìwé ìmọ̀ràn tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnnì ń fi ránṣẹ́ kì í ṣe AD, àmọ́ ọ̀pọ̀ AD ló jẹ́ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló ṣíwájú rẹ̀ dé. Ọjọ́ tó bá dé ni kí ẹ kà á.

Ìkejì ni ẹ̀yà tó ní ọjọ́ orí. Àwọn wíílì inú tọ́báìnì àti ti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ (apá tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé tó sì ń fún un pọ̀) ní iye wákàtí àti iye sáíkù tí wọ́n gbọ́dọ̀ lò mọ. Èyí tó bá kọ́kọ́ pé ni a ó tẹ̀ lé. Sáíkù kan ni kí a tan ẹ́ńjìnnì kí a sì pa á. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: hẹlikọ́pítà gbéra ní Ìbàdàn, ó balẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n pa á. Wọ́n tan án, ó lọ sí Ọ̀yọ́, wọ́n tún pa á. Nírọ̀lẹ́ wọ́n tan án padà sí Ìbàdàn, ó di pípa. Àkókò tó lò lójú òfurufú lè má ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni wíílì ti gbóná tó sì ti tutù. Irin tó ń wú tó ń sún kì bẹ́ẹ̀ léraléra ni ojú rẹ̀ máa ń ya. Mẹ́ta lẹ ó kọ sílẹ̀. Bí páílọ́ọ̀tì bá ní “ìrìn àjò kan náà ni,” ẹ fi ibi tí sáíkù wà nínú ìwé hàn án.

Ìkẹta ni àyẹ̀wò àti ìtúpalẹ̀ tó ní wákàtí tirẹ̀. Bí tọ́báìnì 250-C20 bá pé wákàtí 1,750, a ó ṣí ibi tó ń gbóná jù wò. Bó bá pé 3,500, títú palẹ̀ ni.

Pípa á: ìṣẹ́jú méjì

Bí ẹsẹ̀ hẹlikọ́pítà bá ti kanlẹ̀, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa yí jẹ́jẹ́ lórí ìdúró fún ìṣẹ́jú méjì kí a tó pa á. Bí a bá pa á lójijì, ọ́ìlì tó dúró sínú bẹ́árìǹ lẹ́yìn tọ́báìnì á jóná gbẹ, á di èédú. Èédú yẹn ló ń dí ojú ihò ọ́ìlì lọ́jọ́ iwájú. Kábíyèsí lè máa retí àlejò láàfin, ẹgbẹ́ akọrin sì lè ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì náà kò ṣeé dín.

Bó ṣe ń yí lọ sílẹ̀, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ fetí sí i. Ó yẹ kó máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí táá fi dúró. Bó bá dúró gbọn-in, tàbí tí irin ń ha irin, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọ́ìlì

Ẹ wo ọ́ìlì láàárín ìṣẹ́jú 15 tí a bá pa á. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì á máa jò láti inú tánkì wọnú gíábọ́ọ̀sì. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, géèjì á ní kò tó, ẹni tí kò mọ̀ á bu kún un, nígbà tí wọ́n bá sì tan ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì á kún àkúnwọ́sílẹ̀. Bí àkókò bá ti kọjá, ẹ fi stáátà yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀ láìfi iná sí i, kí ẹ tó wò ó.

Bí lítà márùn-ún ni gbogbo ọ́ìlì inú ẹ̀rọ yìí. Èyí tó lè jẹ ní wákàtí kan kò gbọdọ̀ ju 0.05 gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà lọ, ìyẹn bíi ife tíì kékeré kan. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, síìlì kan ti ń kú níbì kan. Ẹ wo ẹnu páìpù èéfín bóyá ó rin fún ọ́ìlì, kí ẹ sì wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì.

Ọ́ìlì tọ́báìnì kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà Tákìé. Orúkọ tó wà nínú ìwé ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ rà, kí ẹ má sì po oríṣi méjì pọ̀. Ó ń ba awọ ara jẹ́, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Agolo tí a ti ṣí tí ó ṣẹ́kù sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ti gba eruku àti ọ̀rinrin sára, kò yẹ fún ẹ́ńjìnnì mọ́.

Plọ́ọ̀gì mágínẹ́ẹ̀tì: ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń sọ̀rọ̀

Méjì ló wà lára gíábọ́ọ̀sì ẹ́ńjìnnì yìí. Orí rẹ̀ jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà láàárín irin méjì níbẹ̀. Bí èérún irin bá bọ́ sínú ọ́ìlì, mágínẹ́ẹ̀tì á fà á. Bí èérún bá di àlàfo náà, iná á tàn níwájú páílọ́ọ̀tì. Bí iná yẹn bá tàn lójú òfurufú, ilẹ̀ ló kàn. Ní ilẹ̀, ẹ yọ ọ́ báyìí:

1. Ẹ fi agolo mímọ́ sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ lè gba ọ́ìlì tó bá jò, kí ẹ tó gé wáyà tó dè é.
2. Ẹ má fi àkísà nù ún. Ẹ nù ún sórí pépà funfun, kí ẹ gbé e síbi tí oòrùn ti mọ́lẹ̀.
3. Ẹ wo ohun tó wà lórí pépà. Bó bá kúnná dúdú bíi tìróò, tí ẹ fi ìka rà á tí kò gún yín, ìfàrakanra ojoojúmọ́ ni. Ẹ fọ plọ́ọ̀gì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ dá a padà. Bó bá rí bí orí abẹ́rẹ́, bí ìpẹ́ ẹja, tàbí tó ká bí èyí tí ẹ̀rọ gbẹ́ jáde, bẹ́árìǹ tàbí eyín gíà ló ń ṣí. Hẹlikọ́pítà náà kò kúrò lórí pápá mọ́ títí a ó fi mọ ibi tó ti wá. Ẹ fi èérún náà pamọ́ sínú ọ̀rá mímọ́, kí ẹ kọ déètì àti wákàtí ẹ́ńjìnnì sí i lára.
4. Kí ẹ tó dá a padà, ẹ tan bátìrì, ẹ fi ẹnu spánà so irin méjì orí rẹ̀ pọ̀. Iná gbọ́dọ̀ tàn. Bí kò bá tàn, wáyà rẹ̀ ti já, ó sì ṣeé ṣe kó ti pẹ́ tó ti dákẹ́.
5. Rọ́bà róbótó tuntun ni kí ẹ fi sí i. Ògbólógbòó ti tẹ́, ọ́ìlì á gba ibẹ̀ jò. Kí ẹ wá fi wáyà dè é padà.

Mágínẹ́ẹ̀tì kì í fa alumíníọ́mù tàbí idẹ. Nítorí náà, bí plọ́ọ̀gì bá mọ́ tóní, ẹ má tìtorí rẹ̀ fi fílítà ọ́ìlì sílẹ̀ bí àkókò rẹ̀ bá tó.

Ẹnu tó ń fa afẹ́fẹ́, àti erùpẹ̀ ilẹ̀ wa

Ibí ni ìlú wa ti le jù fún ẹ́ńjìnnì tọ́báìnì. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, ọyẹ́ ń gbé eruku lẹ́búlẹ́bú wá, pápá á gbẹ, erùpẹ̀ pupa á sì máa gbọ̀n sókè bí abẹ́bẹ̀ òkè bá ti fẹ́ sí i. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ẹ́ńjìnnì yìí ní ipele abẹ mẹ́fà àti wíílì ńlá kan lẹ́yìn wọn. Bó bá pé 100% lórí géèjì, ó ń yí po ní ìgbà 50,970 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ní irú eré bẹ́ẹ̀, iyanrìn ń gbẹ́ irin bí fáìlì. Ó ń jẹ orí abẹ, ó sì ń họ ike tí wọ́n fi tẹ́ inú ilé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Àlàfo láàárín abẹ àti ilé rẹ̀ á fẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa sá padà, ẹ́ńjìnnì á sì máa gbóná síi kó tó lè ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, kí hẹlikọ́pítà tó dé, ẹ bá onílé pápá sọ̀rọ̀. Ibi tó ní koríko tàbí ọ̀dà ló dára jù. Bí erùpẹ̀ ni, kí wọ́n fi tánkà omi rin ín dáadáa, kí wọ́n sì ṣa gbogbo ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ìwé àti aṣọ kúrò. Ọ̀rá kan ṣoṣo tó bá lẹ̀ mọ́ ẹnu ẹ́ńjìnnì tó láti dá agbára rẹ̀ dúró.

Lẹ́yìn tó bá ti tutù, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì àti dígí wo abẹ ipele kìíní. Ẹ rọra fi èékánná tẹ̀ lé etí iwájú abẹ kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá kọ́ èékánná, nǹkan ti lù ú níbẹ̀. Ìwé ẹ́ńjìnnì ló sọ bí ihò yẹn ṣe lè jìn tó àti ibi tó lè wà. Ẹ má fi fáìlì gé e dọ́gba fúnra yín. Àwọn Bell 206 kan ní asẹ́ tó ń ya iyanrìn sọ́tọ̀ níwájú ẹnu ẹ́ńjìnnì. Ẹ rí i pé ibi tó ń gbà tu erùpẹ̀ síta kò dí.

Fífọ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ṣe pàtàkì bí a bá ti balẹ̀ síbi eruku. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti tutù. Ẹ yọ páìpù afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lọ sí kọ́ńtírólù epo, kí ẹ dí i lẹ́nu, kí omi má bàa wọ inú rẹ̀. Gbígbàgbé èyí ló ń sọ ẹ̀rọ tó yá di èyí tí kò tàn mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan á fi stáátà yí ẹ́ńjìnnì láìfi epo àti iná sí i, ẹnì kejì á máa fọ́n omi sí ẹnu rẹ̀. Omi tí a sè tí a gba ooru rẹ̀ (distilled water) ni. Omi kànga, omi bọ́ọ̀hólù àti píọ̀ wọ́tà ní iyọ̀ àti ẹfun, wọ́n á lẹ̀ mọ́ abẹ bí omi bá gbẹ. Ẹ jẹ́ kí stáátà sinmi bí ìwé ṣe wí, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á jó. Ẹ dá páìpù padà, kí ẹ sì tan ẹ́ńjìnnì láàárín ìṣẹ́jú 15, kó máa yí jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún títí omi á fi gbẹ.

Ìlà ọ̀dà orí nọ́ọ̀tì

Àwọn páìpù tín-ín-rín kan ń gbé afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lọ sí kọ́ńtírólù epo àti gófánọ̀ (ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ eré yíyí ẹ́ńjìnnì). Wọn kò tóbi ju ìka lọ, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ yẹn ni kọ́ńtírólù fi ń mọ iye epo tó yẹ kó fún ẹ́ńjìnnì. Bí nọ́ọ̀tì kan bá dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń sá, kọ́ńtírólù á rò pé iṣẹ́ ti dín kù, á fa epo sẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì á sì rẹ̀ sílẹ̀ lójú òfurufú láìṣe pé ohunkóhun bàjẹ́ nínú rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń fa ìlà ọ̀dà láti orí nọ́ọ̀tì kọjá sórí ibi tó dì mọ́. Lójoojúmọ́, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ìlà kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣe gún régé, kò sí wàhálà. Bó bá ti gé sí méjì, tí apá kan sún kúrò lọ́dọ̀ èkejì, nọ́ọ̀tì ti yí. Ẹ má sọ pé ẹ kàn fẹ́ fún un le síi: fífún un láṣejù ló máa ń la ẹnu páìpù. Ẹ tú u, ẹ wo ẹnu páìpù bóyá ó ya, ẹ fi spánà tó ń ka agbára dì í dé iye tí ìwé wí, kí ẹ nu ìlà àtijọ́ kúrò, kí ẹ fa tuntun. Ìlà méjì lórí nọ́ọ̀tì kan burú ju kó má sí rárá, nítorí kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tó jẹ́ òótọ́.

Epo inú dúrọ́ọ̀mù

Jet A-1 ni ẹ́ńjìnnì yìí ń mu. Kẹrosíìnì tí a fi ń dáná jọ ọ́, ṣùgbọ́n kò gba àyẹ̀wò àti asẹ́ kan náà. Dúrọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ ní ìwé àyẹ̀wò, kí èdìdì ẹnu rẹ̀ má ṣì tíì já. Bí a bá tọ́jú rẹ̀ síta, ẹ̀gbẹ́ ni kí a fi lélẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ méjèèjì wà bí ọwọ́ aago ní aago mẹ́ta àti aago mẹ́sàn-án. Bó bá dúró sóke, omi òjò á dúró lórí rẹ̀. Lóru tó bá tutù, dúrọ́ọ̀mù á fa èémí, á sì fa omi náà wọlé.

Kí ẹ tó fà á, ẹ gbé e dúró, kí ẹ fi igi sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan kó dẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kí omi àti ìdọ̀tí sọ̀ kalẹ̀ sápá kan. Ẹsẹ̀ pọ́ǹpù á wà lápá òkè, kò sì gbọdọ̀ kan ìsàlẹ̀. Ẹ so wáyà láti dúrọ́ọ̀mù mọ́ ara hẹlikọ́pítà kí ẹ tó ṣí ojú tánkì, nítorí epo tó ń ṣàn lè fa iná kíún tó tó láti gbiná. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò funfun, ẹ yí i po: kó mọ́ bí omi òjò tàbí kó pọ́n díẹ̀díẹ̀. Bó bá dà bí ògì, tàbí tí ìlẹ̀kẹ̀ omi ń sáré nísàlẹ̀, ẹ dà á nù, ẹ bu mìíràn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti bu epo tán, ẹ tún bu láti ìsàlẹ̀ tánkì hẹlikọ́pítà fúnra rẹ̀.

Títan án, àti ìdánwò agbára

Bátìrì tó rẹ̀ àti ọwọ́ tó yá jù ló ń jó tọ́báìnì. Nínú ooru ilẹ̀ wa, N1, ìyẹn eré yíyí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, gbọ́dọ̀ tó 15% kí a tó ṣí epo. TOT, ìyẹn ooru afẹ́fẹ́ inú tọ́báìnì, lè wà láàárín 810 àti 927°C fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á pa á, àyẹ̀wò tọ́báìnì sì di dandan, ìbáà jẹ́ pé ó tún tàn dáadáa lẹ́yìn náà. Ẹ má jẹ́ kí hẹlikọ́pítà kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn líle nígbà tí wọ́n ń tan án.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á ka ooru ìta, gíga ibi tí a wà àti agbára tó ń lò, wọ́n á fi wá TOT tó yẹ nínú ṣáàtì. Bí géèjì bá ga ju ti ṣáàtì lọ, agbára ti lọ. Ẹ fọ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń sá, kí ẹ yẹ géèjì fúnra rẹ̀ wò. Ẹ kọ nọ́ńbà yìí nígbà gbogbo, kódà bó bá dára. Ìwọ̀n márùn-ún tó ń gòkè lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ kò hàn sí ẹni tí kò kọ ti àná.

Bó bá jẹ́ onípísítìnì

Hẹlikọ́pítà Robinson R44 ń lo ẹ́ńjìnnì Lycoming, epo rẹ̀ sì ni avgas, ìyẹn pẹtiróòlù bàálù. Jet A-1 kò gbọdọ̀ kan tánkì rẹ̀ láé, á fọ́ orí písítìnì. Wákàtí 50 ni a ń pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà. Ẹ gé fílítà sí méjì, ẹ tẹ́ pépà inú rẹ̀ sójú oòrùn, kí ẹ wá irin. Máńgínẹ́tò, ẹ̀rọ tó ń fún plọ́ọ̀gì ní iná, àyẹ̀wò rẹ̀ jẹ́ wákàtí 500. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n láàárọ̀ kùtù, tí gbígbọ̀n náà sì dẹ́kun nígbà tó gbóná, fáàfù èéfín kan ló ń há. Ẹ má fi lọ lọ́jọ́ náà. Títú palẹ̀ jẹ́ wákàtí 2,200 tàbí ọdún 12, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, kódà bó bá jẹ́ pé inú ilé ló wà láti ọdún mẹ́jọ.

Kó tó gbéra

Ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe, nọ́ńbà ẹ̀yà tí ẹ pààrọ̀, wákàtí, sáíkù, àti AD tó bá kàn án, kí ẹni tó ní láíséǹsì wá fọwọ́ sí i. Ẹ yọ ìbòjú pupa kúrò lẹ́nu ẹ́ńjìnnì àti páìpù èéfín. Ẹ wá tẹ́ aṣọ sílẹ̀, kí ẹ to irinṣẹ́ sórí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kà wọ́n mọ́ ìwé tí ẹ fi kó wọn wá láàárọ̀. Bí spánà kan tàbí ègé wáyà kan bá dín, ẹ tún ẹ́ńjìnnì ṣí, ẹ wá a. Hẹlikọ́pítà náà wà lórí pápá títí a ó fi rí i.